Ọ̀gá Tó Fòfin De Odo

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí wọ́n dìde fún yín kí ẹ tó jókòó, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má fajú ro o, mi ò bá yín jà. Èmi náà fẹ́ràn kí wọ́n dìde fún mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn rẹ̀ ju èmi àti ẹ̀yin lọ, mo sì ti gbìyànjú títí láti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì, kò lọ.

Ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń wọn ìmọ́lẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Ìmọ́lẹ̀ ṣe é wọ̀n kẹ̀?" Ó ṣe é wọ̀n dáadáa. Wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré kan tí ojú rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ sílíkónì bíi ti sólà, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé ojú yẹn, iná mànàmáná tín-ín-rín á jáde lára rẹ̀, ẹ̀rọ á ka iná náà, á sì kọ iye rẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i. Àmọ́ ẹ̀rọ náà ní ìwà tirẹ̀, bí gbogbo wa náà ṣe ní. Kò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ṣáà ti kàn án, yálà ti àtùpà ni tàbí ti oòrùn, àpapọ̀ ni yóò kà á. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú yàrá tó ṣókùnkùn ni wọ́n ti ń lò ó. Ó tún máa ń dá ráhùn: kódà bí o bá fi ìdérí dúdú bo ojú rẹ̀, á ṣì kọ iye kékeré kan, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ wọn nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bò ó, kó dá a padà sí odo, kó tó bẹ̀rẹ̀. Paríparí rẹ̀, kì í rí gbogbo àwọ̀ bákan náà. Ó máa ń rí pupa dáadáa, àmọ́ búlúù máa ń ṣòro fún un díẹ̀, bíi bàbá arúgbó tó ń gbọ́ ohùn àgbà ṣùgbọ́n tí kì í gbọ́ ti ọmọdé. Wọ́n wá fi bọ́tìnnì kan sí i tí wọ́n fi ń sọ fún un pé, "Búlúù lò ń wò báyìí," tàbí "Pupa nìyí o," kó lè ṣe àtúnṣe tó yẹ sí iye tó ń kọ.

Obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ìyá Òkùnkùn ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe pé ó burú, inú yàrá tó ṣókùnkùn yẹn ló ti ń lo ọjọ́ rẹ̀ ni. Ó mọ gbogbo igun tábìlì tó wà níbẹ̀ láìríran. Lára ohun tí wọ́n ń gbé wá fún un ni àwọn lámpù aláwọ̀ búlúù ti ilé ìwòsàn, èyí tí wọ́n máa ń tàn sára ọmọ tuntun tí ibà pọ́njú bá ń dà láàmú, tí ojú àti ara rẹ̀ bá di yẹ́lò. Lámpù tí iye rẹ̀ bá tó ọgbọ̀n, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i lára, ó di ọdún kan kí wọ́n tó tún un wọ̀n. Èyí tí kò bá tó ọgbọ̀n, wọ́n á dá a padà kí wọ́n lọ pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀. Kò sí ariwo níbẹ̀. Ọmọ púpọ̀ ló ti dàgbà láìmọ̀ pé obìnrin kan tó jókòó sínú òkùnkùn wà nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n yan ọ̀gá tuntun.

Ẹ gbọ́ bí akọ̀wé rẹ̀ ṣe ń pè é. Akọ̀wé yìí tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ó máa ń ṣáájú ọ̀gá rẹ̀ wọ ibi gbogbo pẹ̀lú igbe: "Ó ń bọ̀ o! Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Olùdarí Ìmọ́lẹ̀ Òwúrọ̀ àti Tìrọ̀lẹ́, Alábòójútó Ohun Gbogbo Tó Ń Tàn!" Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá á yọ, díẹ̀díẹ̀, ikùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé. Kóòtù rẹ̀ ní bọ́tìnnì mọ́kànlá tí wọ́n kun ní wúrà. Àwọn òṣìṣẹ́ á pàtẹ́wọ́, òun náà á gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́, tí wọ́n bá sì dákẹ́ lóòótọ́, á wo akọ̀wé, akọ̀wé á tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá wo yàrá Ìyá Òkùnkùn, akọ̀wé pariwo orúkọ oyè náà tán, ọ̀gá sì gbé àyà wọlé. Àmọ́ òkùnkùn ò mọ oyè. Kò sẹ́ni tó rí i. Kò sẹ́ni tó rí bọ́tìnnì mọ́kànlá. Ohun tí wọ́n kàn gbọ́ ni "gbì!", orókún ọ̀gá ti kọ lu tábìlì.

"Ta ló paná?" Ohùn rẹ̀ fẹ́ẹ̀ jọ ti ẹni tó fẹ́ sunkún.

"Kò sẹ́ni tó pa á sà," Ìyá Òkùnkùn dáhùn. "Bó ṣe máa ń wà nìyẹn. Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ fọwọ́ di tábìlì mú lápá òsì yín."

Ọ̀gá fọwọ́ di tábìlì mú. Ó wá rí ohun kan ṣoṣo tó ń tàn nínú yàrá náà, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ti ń kọ iye síta. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó.

"Kí ni mò ń rí yìí?"

"Odo ni sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bo ojú ẹ̀ ni, kí n tó—"

"Odo!" Ó fò sẹ́yìn, orókún kejì náà gbà á. "Lọ́jọ́ tí èmi wọlé! Gbogbo ọ́fíìsì ló fi ẹ̀rín kí mi, ẹ̀yin ẹ fi odo kí mi?"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Obìnrin yìí gbìyànjú títí láti ṣàlàyé pé odo ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà, pé láìsí odo kò sí iye kankan téèyàn lè gbà gbọ́. Kò wọ etí ọ̀gá. Ọkùnrin tí orókún méjèèjì ń ro kì í fẹ́ gbọ́ àlàyé.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ọ̀gá sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Mo máa gé e kúrú fún yín torí mo fẹ́ràn yín. Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilé iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, mo débẹ̀, mo bá òkùnkùn! Ǹjẹ́ ẹ rí ilé iṣẹ́ omi tí wọ́n ti ń fi iyanrìn wẹ̀? Láti òní lọ, kí wọ́n fa gbogbo kọ́tìnnì yàrá yẹn ya. Kí wọ́n ṣí fèrèsé. Kí oòrùn wọlé, kó wá wo ohun tí à ń ṣe! Èkejì, kò sí odo mọ́ nínú ìjọba mi. Odo ti tó! Ẹ̀rọ tó bá fẹ́ bá mi ṣiṣẹ́, láti mẹ́wàá ni kó ti máa bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán. Ẹ̀kẹta, òǹtẹ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú dúrọ́ọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó tó kọ ọkọ. Ọrùn mi ni yóò máa wà."

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Wọ́n ra ẹ̀wọ̀n fún òǹtẹ̀, ó sì ń fì lọ fì bọ̀ láyà ọ̀gá láàárín bọ́tìnnì kẹrin àti ìkarùn-ún.

Ìyá Òkùnkùn padà sí yàrá rẹ̀ tí kò ṣókùnkùn mọ́. Kò jiyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ní ìwé àkọsílẹ̀, nínú èyí tí wọ́n ti ń kọ bí wọ́n ṣe wọn nǹkan, kì í ṣe iye tí wọ́n rí nìkan: bóyá fèrèsé ṣí tàbí ó tì, ibi tí ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ tí wọ́n fi bọ́tìnnì sí. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Ọ̀gá sì pàṣẹ pé kò sí ìwé tó gbọdọ̀ kọjá láìjẹ́ pé òun buwọ́ lù ú, torí ìbuwọ́lùwé rẹ̀ lẹ́wà, ó ní ìrù gígùn kan tó ń yí po bí ejò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kà á kí ẹ tó buwọ́ lù ú," Ìyá Òkùnkùn sọ fún un.

"Kíkà?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Àwọn kékeré ló ń kàwé. Ọ̀gá ń buwọ́ lùwé ni."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni ilé ìwòsàn gbé lámpù búlúù mẹ́fà wá. Fèrèsé ṣí, oòrùn wọlé, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́wàá, gbogbo lámpù sì ju ọgbọ̀n lọ fíìfíì. Oòrùn ló ṣe ìdánwò, lámpù ló gba ìwé ẹ̀rí. Ìyá Òkùnkùn ní òun ò lè lu òǹtẹ̀ sí i. Ọ̀gá ní kò burú, ó bọ́ òǹtẹ̀ kúrò lọ́rùn, ó sì lù ú fúnra rẹ̀, mẹ́fà, pàù, pàù, pàù, bí ẹni tó ń gúnyán. Inú rẹ̀ dùn gan-an ni. Ó ní òun ò mọ̀ pé iṣẹ́ yìí rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń bójú tó gbogbo ilé iṣẹ́ ìwọ̀n. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí kà á: "A ó gbé àtùpà kan ṣoṣo yí ilé iṣẹ́ mẹ́wàá ká. Olúkúlùkù yóò wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, yóò sì fi iye tó rí sínú àpòòwé. Ọ̀dọ̀ yín ni yóò dé kẹ́yìn, níbẹ̀ ni a ó ti ṣí gbogbo àpòòwé níwájú—"

"Ó tó!" Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè. "Ó ti yé mi. Ìdíje ni. Ẹni tí iye rẹ̀ bá pọ̀ jù ló gba ẹ̀yẹ."

Ojú ìwé méjì ló ṣẹ́kù nínú lẹ́tà yẹn. Wọ́n ká a, wọ́n fi í sábẹ́ ife tíì.

Nígbà tí àtùpà alárìnkiri yìí dé nínú àpótí rẹ̀, alábẹ̀wò kan ló bá a wá, obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbé àpótí fún wọn, ó sì lọ jókòó sí ilé àlejò, nítorí òfin ni pé kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ bí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Ìmọ́lẹ̀ àtùpà náà pupa, ó dúró ṣinṣin. Ọ̀gá wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, pẹ̀lú àga tí wọ́n gbé tẹ̀ lé e. Ìyá Òkùnkùn yí bọ́tìnnì sí pupa. Ẹ̀rọ kọ márùndínláàádọ́ta.

"Kò dùn mọ́ mi," ọ̀gá wí. Ó na ọwọ́, ó gbá bọ́tìnnì mú, ó yí i sí búlúù. Ẹ̀rọ, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parọ́ fún pé búlúù tó máa ń ṣòro fún un ló ń wò, sọ ohun tó rí di ìlọ́po méjì láti fi ṣàtúnṣe. Ọgọ́rin! Ọ̀gá dìde lórí àga. "Ẹ fi í síbẹ̀! Ẹ ò rí i pé ọwọ́ mi ló kù?"

"Iná pupa ni sà," Ìyá Òkùnkùn wí. "A ti sọ fún ẹ̀rọ pé búlúù ni."

"Ṣé ẹ̀rọ ló máa sọ fún mi ohun tí mo máa sọ fún un ni?"

Ìyá Òkùnkùn kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ó fi pátákó dí iná àtùpà, bọ́tìnnì ṣì wà ní búlúù, ó wo ohun tí oòrùn nìkan ń mú wá, ó kọ ìyẹn náà. Ọ̀gá buwọ́ lu ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tilẹ̀ fi kún ìrù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀rọ náà pàápàá, ó gbé e sórí aṣọ àrán pupa nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó tì í pa, ó ní akọni kan kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n máa gba ẹ̀yẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

Níbí ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi díẹ̀. Ọ̀gá ní dírẹ́bà kan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un, tó máa ń pa á dé, tí kò sì sí ẹni tó bi í rí bóyá ó jẹun. Ọdún mọ́kànlá ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi wá ọmọ. Ọmọ dé lọ́sẹ̀ yẹn. Ọkùnrin ni. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí i, ojú rẹ̀ di yẹ́lò, àyà rẹ̀ di yẹ́lò, wọ́n sì gbé e sábẹ́ ọ̀kan nínú lámpù mẹ́fà yẹn. Wọ́n ní ọjọ́ méjì, á lọ. Ọjọ́ méjì pé, yẹ́lò náà ti sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ọmọ kò fẹ́ mu ọmú mọ́, oorun ló ń sùn ṣáá.

Dírẹ́bà wá bá Ìyá Òkùnkùn, kò lè jókòó. "Ìyá, nọ́ọ̀sì àgbà ní òun fura sí lámpù yẹn. Ó ní òun béèrè gílóòbù tuntun ní sítọ́ọ̀, wọ́n ní lámpù tó ní òǹtẹ̀ ọdún yìí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí gílóòbù. Àwọn márùn-ún yòókù, ọmọ ọlọ́mọ wà lábẹ́ wọn, òǹtẹ̀ kan náà ló sì wà lára wọn."

Ìyá Òkùnkùn gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ. Ó kúnlẹ̀. Ó ní kí ọ̀gá dákun, kó yọ òǹtẹ̀ lámpù yẹn, tàbí kó yá òun ní ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Ọ̀gá ń dá ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó máa sọ lọ́jọ́ ẹ̀yẹ sọ níwájú dígí. "Òǹtẹ̀ mi kì í rìn sẹ́yìn," ó wí, ó sì kọ ìyẹn sílẹ̀, torí ó dùn létí ara rẹ̀. "Lọ́la la máa gba ẹ̀yẹ, òní lẹ fẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe? Ọmọ ta tilẹ̀ ni?"

"Ọmọ dírẹ́bà yín ni sà."

"Ó bímọ?" Ó yíjú padà sí dígí. "Ẹ bá mi kí i."

Ilẹ̀ mọ́. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n gbé ẹ̀rọ jáde lórí àrán pupa, wọ́n fi sórí tábìlì iwájú. Dírẹ́bà dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn lẹ́yìn, torí wọ́n ní kó má lọ síbì kankan, ojú rẹ̀ ti wọlé. Alábẹ̀wò kékeré náà kí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí àpòòwé.

"Ilé iṣẹ́ kìíní: ogún."

"Wọ́n gbìyànjú," ọ̀gá wí.

"Ìkejì: ogún dín díẹ̀."

"Ó mà ṣe o."

"Ìkẹta: ogún."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bọ̀ títí dé ìkẹsàn-án, kò sí ẹni tó kúrò lágbègbè ogún, ọ̀gá sì ń mi orí bí ẹni tó lọ kí àwọn tó ṣòfò. Alábẹ̀wò ṣí ìkẹwàá. Ó wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Ọgọ́rin."

Ọ̀gá ti dórí pèpéle kí ọ̀rọ̀ náà tó tán. "Ẹ̀yin ará! Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi máa ń sọ pé ọmọ yìí á tàn. Kò kàn sọ fún mi pé ọgọ́rin ló máa jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mú ogún, ẹ má sọ̀rètí nù. Mo ṣe tán láti wá kọ́ yín, ẹ kàn rán mọ́tò—"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," alábẹ̀wò wí jẹ́jẹ́, "àtùpà kan náà ni gbogbo wọn wọ̀n. Kò yí padà. Kí ló dé tí tiyín fi jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin?"

"Ìlọ́po mẹ́rin! Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn wá!"

"A ò yìn yín sà. Kì í ṣe ìdíje. Ilé iṣẹ́ tí iye rẹ̀ bá jìnnà sí ti àwọn yòókù ló ní àṣìṣe. Ó wà nínú lẹ́tà, ojú ìwé kejì. Bí ẹ ò bá lè fi ibi tí àṣìṣe náà wà hàn wá, a máa gba òǹtẹ̀ yín lónìí, ọdún méjì ló sì máa gbà kí ẹ tó rí i padà."

Ìyá Òkùnkùn dìde, ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ síwájú, ó fi lé alábẹ̀wò lọ́wọ́. Alábẹ̀wò kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó kúkú lo àkókò rẹ̀.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé láti mẹ́wàá ni ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe odo. Ta ló pàṣẹ ìyẹn?"

Akọ̀wé fò dìde, ó rò pé ìyìn ṣì ni. "Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Olùdarí Ìmọ́lẹ̀ Òwúrọ̀ àti Tìrọ̀lẹ́, Alábòójútó Ohun Gbogbo Tó Ń Tàn!"

"Ẹ ṣé. Mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rin, ó ku àádọ́rin. Fèrèsé ṣí, oòrùn nìkan mú ọgbọ̀n wá. Ta ló ní kí wọ́n ṣí i?"

Akọ̀wé wo ọ̀gá. "Ọ̀gá Àgbà Pátápátá ni."

"Ó ku ogójì. Iná pupa, ṣùgbọ́n búlúù ni bọ́tìnnì wà, ìyẹn ló sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ta ló yí bọ́tìnnì?"

"Ọ̀gá ni o."

"Ìdajì ogójì, ogún." Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti dé. "Ogún gẹ́gẹ́, bíi ti àwọn ẹgbẹ́ yín. Ta ló wá buwọ́ lu gbogbo ojú ìwé yìí?"

"Bàbá yìí ni," akọ̀wé wí, ó sì fa àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mi ò purọ́ fún yín, mo fẹ́ẹ̀ káàánú ọ̀gá. Alábẹ̀wò ní ilé iṣẹ́ yìí á mú òǹtẹ̀ rẹ̀ dání, torí ó ní ẹni tó mọ iṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọrùn yẹn ni yóò máa wà, àti pé òun máa kọ̀wé sí àwọn tó yan ọ̀gá kí wọ́n wá ibòmíràn fún un. Ó ní kó bọ́ ọ. Ẹ̀wọ̀n há mọ́ bọ́tìnnì kẹrin. Ó fà á títí, bọ́tìnnì já, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga, gbogbo ènìyàn sì ń fi ojú tẹ̀ lé e. Òǹtẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Òkùnkùn.

"Gbogbo òǹtẹ̀ tí wọ́n lù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ti di asán," alábẹ̀wò wí.

"Ìyá!" Ohùn dírẹ́bà ló ti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn wá. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká lọ!"

Ìyá Òkùnkùn gbá ẹ̀rọ mú lórí àrán pupa, ó ká aṣọ sókè, ó sáré. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni o, ó sáré bí ọmọ ilé ìwé. Mọ́tò ọ̀gá gbéra pẹ̀lú àsíá níwájú rẹ̀, àwọn èèyàn ojú ọ̀nà sì ń yà fún un, wọ́n rò pé ẹni ńlá ló wà nínú rẹ̀. Òótọ́ sì ni.

Nígbà tí ọ̀gá jáde, kò bá mọ́tò. Ó dúró díẹ̀ bóyá ẹnì kan á wá ṣètò nǹkan. Kò sẹ́ni tó wá. Ó fẹsẹ̀ rìn. Oòrùn tó pè wọlé lọ́jọ́sí kò mọ̀ ọ́n mọ́, ó kàn ń pa á lórí. Bó ṣe dé iwájú ilé ìwòsàn, ó rí mọ́tò rẹ̀, ó rí àsíá rẹ̀, inú bí i, ó wọlé lọ láti lọ jágbe mọ́ ẹnì kan.

Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun ni wọ́n júwe fún un. Ó la ẹnu. Nọ́ọ̀sì àgbà fi ìka sẹ́nu: "Ṣìì! Àwọn ọmọ ń sùn. Bàbá, ṣé ìdílé ọmọ yìí ni yín? Ẹ fọ ọwọ́ yín níbẹ̀. Ẹ bá wa gbà á, a fẹ́ wọn lámpù, ìyá ẹ̀ lọ sùn díẹ̀, bàbá ẹ̀ sì wà ní sítọ́ọ̀. Kò tíì tọ̀ láti àárọ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá."

Kí ọ̀gá tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti fọ ọwọ́, wọ́n ti gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Kò rò pé ènìyàn lè fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ojú ọmọ náà yẹ́lò. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ́lò. Kò ké, kò janpata, ó kàn ń mí.

Ìyá Òkùnkùn kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ó fa kọ́tìnnì dí fèrèsé kí oòrùn má bàa dá sí i, ó bo ojú ẹ̀rọ, ó dá a padà sí odo, ó yí bọ́tìnnì sí búlúù bó ṣe yẹ fún iná búlúù, ó gbé e sí ibi tí ọmọ ti sùn tẹ́lẹ̀.

"Mọ́kànlá," ó wí.

"Mọ́kànlá nínú ọgbọ̀n?" Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀gá bojú wo ara lámpù náà. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, ó ṣe kedere, ó lù ú dáadáa. "Èmi ni mo lu ìyẹn," ó wí.

Ìyá Òkùnkùn yíjú, ó rí i. "Ẹ̀yin ni sà."

Ìgbà yẹn ni ọmọ tọ̀. Ó tọ̀ dáadáa, ó gbóná, ó gba bọ́tìnnì ìkẹfà kọjá dé ṣòkòtò. Nọ́ọ̀sì pariwo, òun tó ní kí wọ́n má pariwo: "Ó tọ̀! Ẹ ṣeun, Bàbá, ó tọ̀! Ẹ má gbé e kúrò bẹ́ẹ̀ o, ẹ jẹ́ kó tọ̀ ọ́ tán!"

"Mi ò mì," ọ̀gá wí, kò sì mì lóòótọ́.

Dírẹ́bà wọlé pẹ̀lú gílóòbù mẹ́rin lọ́wọ́, ti lámpù márùn-ún yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn, ó rí ẹni tó gbé ọmọ rẹ̀, ó sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"Má dọ̀bálẹ̀!" ọ̀gá yára wí. "Gílóòbù á fọ́. Gbé e síbẹ̀ kíá."

Wọ́n yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tẹ́lẹ̀, wọ́n fi tuntun sí i, iná búlúù tàn kan ògiri. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ pé kó gbé ọmọ wá. Ọ̀gá kò gbé e sílẹ̀. Omi ń kán lára kóòtù rẹ̀ sórí bàtà, ó sún mọ́ ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ láyà.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà á," ó wí.

Ó kà á, ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́ bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì kó tó gbé ọmọ náà sílẹ̀.